Ẹ Sá Tàbí Ẹ Wá: Bí Iṣẹ́ Onílù Ṣe Wọ Inú Eré Wa

Alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje ni. Nínú eré ìtàn tí à ń ṣe yí tábìlì ká, ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin dúró sẹ́nu ihò àpáta kan, ìkarùn-ún wọn ti yọ́ wọlé lọ yẹ inú rẹ̀ wò. Onílù ni ìkarùn-ún yẹn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é kò gbọdọ̀ lanu, nítorí òfin tí mo kọ fún iṣẹ́ onílù nìyẹn: níbi tí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá ti tó o, ìlù nìkan ni yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Lórí tábìlì wa, àtẹ́lẹwọ́ lórí pákó ni dò, oríkèé ìka lára agolo mílíìkì ni re, ṣíbí lára ìgò mínírà ni mí. Ọmọ náà wo ojú gbogbo wa, ó kan agolo, ó kan ìgò. Re, mí. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fò dìde. "Ẹ wá! Ó ní ká wá!" Ni gbogbo wọn bá rọ́ wọ inú ihò.

Ẹ sá ni ọmọ náà ń wí. Ẹkùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ẹ pè é lẹ́nu ara yín kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ sá. Ẹ wá. Ohùn àárín, ohùn òkè. Lójú ìlù, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹ̀dá méjì kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn ti wà pẹ̀lú wa fún oṣù mẹ́jọ, omi sì dà lójú ẹni tó ni ín. Èmi náà káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò lè sùn, inú mi ń dùn gan-an, torí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ kan tí a fọwọ́ ara wa ṣe yóò fa ohun tí èdè mìíràn kò lè fà.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń di ìwé. Lọ́dún 2023 oníbàárà kan gbé fáìlì kan wá pé kí n tẹ̀ ẹ́ fún òun, nǹkan bí 400 ojú ìwé. Mo bi í pé ìwé kí lèyí. Ó ní òfin eré Dungeons & Dragons ni, pé àwọn tó ni ín ti fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé nínú oṣù Kìíní ọdún náà lábẹ́ àṣẹ Creative Commons: ẹni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fi tirẹ̀ kún un, kó ṣáà ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Gbólóhùn yẹn, "fi tirẹ̀ kún un," ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀. Èkejì wà lábẹ́ káńtà mi títí di òní, etí rẹ̀ ti ya.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú eré yìí: ẹ ó jókòó yí tábìlì ká. Ẹnìkan ni apàlọ́, òun ni yóò máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn yòókù, kálukú ló ní ẹ̀dá tirẹ̀, á sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, á ju dáìsì olójú ogún láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní class. Iṣẹ́ ni àwa ń pè é, torí bí wọ́n ṣe ń mọ èèyàn nílẹ̀ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ náà nìyẹn: ọmọ ọdẹ, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ Àyàn. Èmi ni apàlọ́. Márùn-ún ni àwọn tó ń bá mi ṣeré: àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní Ṣábó, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn Ẹnuwá.

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: jagunjagun, onídán, àlùfáà. Olè wọlé lọ́dún 1975. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un nìyẹn, tó fi di 12 nínú ìwé ọdún 2014. Ìwé tuntun ti ọdún 2024 kò kọjá 12 yẹn, àmọ́ ó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka mẹ́rin, ó wá jẹ́ ẹ̀ka 48. Nínú fáìlì ọ̀fẹ́ tí mo tẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ka kan ṣoṣo fún iṣẹ́ kan. Bí èèyàn méjì bá mú jagunjagun, bí ìbejì ni wọ́n ṣe ń rìn. Láàárín oṣù mẹ́rin, ojú wa ti rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì fẹ́ sí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Mo pààrọ̀ orúkọ. Mo mú bard, mo pè é ní akéwì. Mo mú ranger, mo pè é ní ọdẹ. Mo tẹ̀ wọ́n sórí páálí tó dára, mo lámínéètì wọn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ mú akéwì. Nínú òfin, ohun tí bard máa ń ṣe ni pé ó ń fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní dáìsì olójú mẹ́fà kan tí onítọ̀hún yóò fi kún ohun tó bá jù. Ó dára, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó da páálí náà délẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́, kí ló sọ eléyìí di akéwì? Láti ìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì ké ẹsẹ ewì kan. Mo kàn ń há dáìsì ni." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Aṣọ ni mo pààrọ̀, ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè kan tí mo ṣì ń bi títí di ìsinsìnyí kí n tó kọ iṣẹ́ tuntun kankan: kí ni ẹni tó bá mú un yóò máa fi ọwọ́, ẹnu àti etí ara rẹ̀ ṣe lórí tábìlì tí kò ṣe tẹ́lẹ̀?

Ti ọdẹ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo kọ ọ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ka ipasẹ̀ ẹran nínú igbó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹlòmíràn tó tún wo ilẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, àbúrò mi máa ń bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹrẹ̀ ibẹ̀ tutù? Ṣé koríko tẹ̀?" Ó jáwọ́. Bí wọ́n bá ti wọ igbó, gbogbo wọn á yíjú sí ọdẹ, wọ́n á ní kó ju dáìsì. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àríyànjiyàn yìí ti wà látayébáyé lórí iṣẹ́ olè. Kí olè tó dé, ẹnikẹ́ni ló lè sọ fún apàlọ́ pé òun fẹ́ rọra gba ẹ̀yìn ògiri tàbí kí òun wá bí àgádágodo yóò ṣe ṣí. Olè dé pẹ̀lú iye tirẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún fún ṣíṣí àgádágodo àti fífarapamọ́, lórí tábìlì púpọ̀ ni wọ́n sì ti gbà pé àwọn yòókù kò lè dán an wò mọ́. Iṣẹ́ tuntun lè já nǹkan gbà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀, kí wọ́n má sì mọ̀. Mo pa òfin ipasẹ̀ rẹ́. Ọdẹ wa kò tíì rí ẹsẹ̀ dúró títí di òní. Mo mọ̀ pé ìjálá àti ajá ọdẹ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò tíì mọ bí.

Ohun kan tí mo rí mú nínú òfin àtijọ́ tó wúlò fún mi ni èèwọ̀. Nígbà yẹn, àlùfáà kò gbọdọ̀ fi ohun ìjà tó ní ojú mú jà, kùmọ̀ àti irú rẹ̀ ni tirẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú láti rí i pé èèwọ̀ ti wà nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ wa kì í ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára èèwọ̀. Mo wá fi í ṣe òfin pé gbogbo iṣẹ́ tí a bá fi kún un gbọ́dọ̀ ní èèwọ̀ kan. Ibẹ̀ ni àìlanu onílù ti wá.

Ọmọ Ẹnuwá yẹn ló bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ onílù. Ìlù ni iṣẹ́ ilé wọn. Mo kọ ọ́ pé ní ìpele kìíní, sílébù méjì ni onílù lè lù, bó bá ti ń gòkè ni yóò máa pọ̀ sí i. Ó jọ pé ó bá ọgbọ́n mu: ọmọdé ń kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ẹ ti gbọ́ ibi tí ó já sí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ní kí n wá rí bàbá àgbà wọn. Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo rò fún wọn láti orí dé ìdí, ihò, ẹkùn, agolo, gbogbo rẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní eré ọmọdé ni mo ń ṣe. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìyá mi, ta ló kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń fi ìlù sọ?"

Wọ́n gbé gángan wọn kọ́ apá, wọ́n fún ọṣán rẹ̀, wọ́n lù ú. "Kí ni mo wí?" Mo ní, "Ẹ sá padà." Wọ́n tún un lù. "Kí ni mo wí báyìí?" Mo ní ohun kan náà ni, ẹ sá padà. Bàbá ní rárá, ẹ máa bọ̀ ni àwọn wí lẹ́ẹ̀kejì. Ojú mi là sílẹ̀. Mo ti rò pé bí sílébù bá ti di mẹ́rin, a ti bọ́ nínú ewu. Wọ́n wá lu odindi: *Ẹ sá padà, ẹ má wẹ̀yìn.* Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. *Ẹ máa bọ̀, ọ̀nà ti là.* Etí mi mú un kíá, n kò tilẹ̀ rò ó. Orí gbólóhùn méjèèjì jọra, ìdí wọn ló pín wọn níyà.

Bàbá ṣàlàyé pé ìdí nìyẹn tí ọmọ onílù kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kéékèèké. Oríkì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, àti òwe, àwọn gbólóhùn gígùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ lè bá a dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó dàgbà nínú iṣẹ́ ló ń lu ohun tí ẹnìkan kò gbọ́ rí, tí yóò sì yé wọn. Ìyẹn ni pé mo ti dorí òfin mi kodò. Gígùn ni ìbẹ̀rẹ̀. Títun ló wà lókè.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún un kọ lálẹ́ yẹn. Báyìí ló ṣe wà nísinsìnyí. Onílù ìpele kìíní ní gbólóhùn márùn-ún lórí ìwé rẹ̀, kò sí èyí tó gbọdọ̀ dín ní sílébù méje. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò lu gbogbo rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fẹnu pè é. Lẹ́yìn èyí, ìlù nìkan. Bí àwọn yòókù bá gbọ́ ọ yé, tí wọ́n sì ṣe ohun tó wí láìbéèrè, ẹni kọ̀ọ̀kan wọn yóò ju dáìsì olójú ogún lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì mú èyí tó bá pọ̀ jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ pinnu kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣì í gbọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ṣe, kò sí ìyípadà. Ní ìpele kẹrin ni onílù tó lè lu gbólóhùn tí kò sí lórí ìwé. Mo tún fi kún un pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ yòówù kó máa ṣe, gbọ́dọ̀ ní ìlà oríkì mẹ́rin tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, torí onílù lè lu oríkì ẹni tó ti ṣubú, kí onítọ̀hún sì dìde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ wo bí ó ti rí: iṣẹ́ ẹnìkan ló mú kí àwọn márààrún jókòó kọ oríkì. Ìyẹn ni mo ń wá láti ìgbà akéwì.

Iṣẹ́ kejì tó dúró dáadáa ni ẹlẹ́jẹ̀ẹ́. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń kọjá lẹ́bàá ère Morèmi, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016, ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gíga rẹ̀, ló bá ní, "Àǹtí, nínú iṣẹ́ méjìlá yẹn, ta ni Morèmi?" A ń rìn, a ń jiyàn. Jagunjagun kọ́, kò gbé idà. Olè kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣírí àwọn Igbó ló jí wá, pé èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, pé ìko ni wọ́n fi bora, pé iná ni ẹ̀rọ̀ wọn. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, tí odò fi gba Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú òfin tí mo tẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní warlock, ó ń bá alágbára kan dá májẹ̀mú kó tó ní agbára, ṣùgbọ́n ohun tí yóò san kò sí níbẹ̀, ọwọ́ apàlọ́ ni wọ́n fi í sí. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé.

Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ wa máa ń kọ ohun méje tí ẹ̀dá rẹ̀ fẹ́ràn jù lọ. Èmi yóò mú ọ̀kan níkọ̀kọ̀, n ó fi í sínú àpò ìwé, n ó sì fi sítépù pa á lẹ́nu níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́ẹ̀kan nínú ìrìn àjò kan, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ́, ogún ni dáìsì yóò sì kà láìjù ú. Bí ìrìn àjò bá parí, a ó ya àpò náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, àbúrò mi sì sọ òótọ́ pé ó pọ̀ jù, pé kò sẹ́ni tí yóò tún bẹ̀rù ohunkóhun. Sátidé mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ìrìn àjò kan ń gbà wá, nítorí náà ẹ̀jẹ́ ti wá ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ló mú un. Ẹ̀dá rẹ̀ máa ń kọrin, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ ọ́ fún wa, orin Ìjẹ̀ṣà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ní gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá dá iná alẹ́. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti yọ ẹ̀dá àbúrò mi nínú omi. Nígbà tá a ya àpò náà, ohùn orin ni odò gbà. Èmi ni mo mú un, mo sì mọ̀ pé yóò dùn ún, ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́ sínú méje. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá dá iná alẹ́, a máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan níbi tí orin wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀.

Àwọn èèyàn ti bi mí pé babaláwo ńkọ́. Mo rò ó gidi. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, ó sì pé Odù 256. Ẹni tó bá fẹ́ràn dáìsì yóò rí i bí ohun tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ dè é. Mo tilẹ̀ ti to owó ẹyọ mẹ́jọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkè Ìtasẹ̀, ojúbọ Ifá, wà nílùú yìí, àwọn èèyàn ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wọn lọ síbẹ̀, mi ò sì lè kọ "ẹkùn méjì yọ" síwájú Odù kan. Mo kó owó ẹyọ náà padà. Babaláwo wà nínú ìtàn wa, wọ́n ń pàdé rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un, kò kàn jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnìkan lè mú ni. Alágbẹ̀dẹ la ó ṣe tẹ̀ lé e. Artificer, iṣẹ́ ẹni tó ń fi idán ṣe ohun èlò, tí wọ́n mú wọ ẹ̀dà karùn-ún eré náà lọ́dún 2019, sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ẹwìrì kò sí nínú rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, onílù wa wọ ìpele kẹrin. Ẹgbẹ́ wà nínú òkùnkùn lẹ́bàá odi ìlú àwọn Igbó, wọ́n dá iná kékeré kan, òun sì ti gun orí igi lọ ṣọ́nà. Ó bi mí bóyá òun ti lè lu èyí tí kò sí lórí ìwé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó fà ìgò àti agolo mọ́ra. Agolo kan náà ni, èyí tá a ti máa ń yọ nọ́ńbà inú páálí nínú rẹ̀ kí dáìsì olójú ogún wa tó dé láti Èkó. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: mí re mí re, re re mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Wọ́n ti sá lọ, ẹ jọ wá." Ọ̀rẹ́ mi ní rárá, "Wọ́n ti rí wa, ẹ paná." Gbogbo ilé pín sí méjì. Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí iná NEPA, mo ní kí wọ́n lọ rò ó, kí wọ́n mú ìdáhùn kan ṣoṣo wá ní Sátidé. Mo ti kọ ohùn méje yẹn sórí ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Èmi tí mo jẹ́ apàlọ́ gan-an kò mọ èyí tó wí. Ọmọ náà yà ní ṣọ́ọ̀bù lánàá láti ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó gbójú sókè wo ìwé náà, ó kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.